Rárá Tí Morẹ́nikẹ́ Tẹ̀

Àmì ìbéèrè ló kún ojú kọ̀ǹpútà náà. Morẹ́nikẹ́ pa á, ó tún un tàn, ìgbà kẹta nìyí láti àárọ̀. Ibi tó yẹ kí orúkọ ewé àti ẹyẹ wà, àmì ìbéèrè náà ni.

Bàbá rẹ̀, Tíṣà Jòhánù, jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀wọ́n epo yìí náà ló ti wọkọ̀ láti Ìsánlú-Ìsin wá sí Òmù-Àrán, kó lè rí i bí ìwé rẹ̀ yóò ṣe máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó gba Morẹ́nikẹ́ síṣẹ́ l'Ékòó kógbá wọlé, tí òun sì padà sílé, ọdún mẹ́ta ni bàbá fi ń pe àwọn ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà tí ọ̀dọ́ kì í sọ mọ́ fún un, tí òun náà ń tẹ̀ wọ́n sínú ètò kọ̀ǹpútà tó fúnra rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti lọ lórí rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n kù sí.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ètò ìtẹ̀wé tí mo gbé sí i láàárọ̀ ni, Bàbá. Òun àti èyí tí mo kọ jọ ń lo láíbìrì, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí ètò ń yá lò; orúkọ kan náà ni láíbìrì méjèèjì ń jẹ́. Àmọ́ tuntun ni tiẹ̀, kò mọ bí ti àtijọ́ ṣe ń kọ àmì ohùn."

"Dá ti àtijọ́ padà."

"Ó ti kọ tiẹ̀ lé e lórí, ó sì ti fi àmì ìbéèrè rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ náà. Dísìkì tí mo tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí sì ti bàjẹ́."

"Kò bi ọ́ léèrè kó tó ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ó bi í. Èdè òyìnbó ló fi bi í: ṣé o ò fẹ́ tọ́jú ti àtijọ́? Morẹ́nikẹ́ sì tẹ Rárá, nítorí pé ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ta ni wọ́n máa bi pé ṣé kò tíì jẹun ni, tó ti yó, tí kò ní sọ pé rárá? Ṣùgbọ́n bí òyìnbó ṣe ń gbọ́ ọ ni kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ: rárá, n ò fẹ́. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, àti gbogbo ọdún tó fi bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, èdè ìyá rẹ̀ ló fi dá a lóhùn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé a ò ní rí i mọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá mirí. "Mú bírò. Ká tún un bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti lè rán mi létí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìyókù á máa tẹ̀lé e."

Morẹ́nikẹ́ ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ló fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun tàmì. Ó wá àkọ́kọ́ nínú orí ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá èyíkéyìí. Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé òun kò fi ẹnu òun pe ìkankan nínú wọn rí.