Omi Tó Gòkè Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Mákánjúọlá fi ẹfun pa ìdí tépù irin rẹ̀, ó sì ń tú u díẹ̀díẹ̀ sínú kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Houston láti ìgbà tó ti jáde yunifásítì. Bí ìgbà òtútù bá dé, tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin koríko mọ́, omi abẹ́ ilẹ̀ a sinmi, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́ a sì rán an káàkiri láti wọn ohun tó kù nínú àwọn kànga. Ibi tí ẹfun bá ti tutù lára tépù, ibẹ̀ ni omi dé.

Ó fa tépù sókè, ó wò ó. Omi tún ti gòkè.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò yọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ rí i pé omi kànga yìí gòkè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986 yìí kan náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè yẹn ti ń lọ sílẹ̀, tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń rì tẹ̀ lé e. Kò dúró rò ó. Ó lọ bá Alàgbà Olúdọ̀tun, olórí ìjọ Aládùúrà tí òun náà ń lọ ní Mission Bend, ó ní, "Bàbá, omi yín ti gòkè o."

Kí ọjọ́ ìsìn tó dé, gbogbo ìjọ ti gbọ́. Wọ́n jó yí kànga ká nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, lórí ilẹ̀ tó tutù bí yìnyín. Àwọn tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ epo Deer Park gbé gálọ́ọ̀nù wá. Àwọn tó ń wá ọmọ gbé gálọ́ọ̀nù wá. Ọmọ́níkẹ́, àbúrò Mákánjúọlá, gbé méjì.

Oyún kẹta ló wà nínú Ọmọ́níkẹ́. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Èyí ti pé oṣù mẹ́fà, omi ìjọ nìkan ló sì ń mu. Wọn kì í sè é. Wọ́n ní iná a máa lé àdúrà jáde nínú omi.

Mákánjúọlá ká tépù rẹ̀, ó wakọ̀ lọ sí etí odò tó gba ẹ̀yìn àdúgbò náà kọjá. Òpó kan tí wọ́n fi ń wọn gíga odò wà lábẹ́ afárá níbẹ̀. Òjò àná ti gbé odò sókè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n kànga.

Kànga tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ìró òjò lọ́jọ́ kejì. Òjò tó rọ̀ lónìí, ọmọ ọmọ ẹni ni yóò bá a nísàlẹ̀. Bí kànga bá wá ń bá odò gòkè, tó ń bá odò sọ̀ kalẹ̀, a jẹ́ pé páìpù rẹ̀ ti ya. Omi gọ́tà orí ilẹ̀, tí òjò ń kún bó ṣe ń kún odò, ló ń wọ inú rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, Helen, ọmọ Amẹ́ríkà tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, gbé bébà tí wọ́n ya ìlà odò sí lé ti kànga, ó gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Mac," bó ṣe máa ń pe Mákánjúọlá, "ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì yìí ń tọ̀."

"Mo rí i."

"Ṣé ẹnì kankan ń mu ún?"

Mákánjúọlá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ó bá Ọmọ́níkẹ́ nílé wọn ní Missouri City, ìtòsí Houston, ó ń ká aṣọ. Ètè rẹ̀ gbẹ.

"Má mu omi ìjọ mọ́. Omi gọ́tà ló ń wọ̀ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ dá orin, ẹ wá ní ká má gberin mọ́."

"Mo yára sọ̀rọ̀."

"Nígbà tí mò ń mu omi sísè, tí mò ń gbé gbogbo oògùn dókítà mì, ọmọ mélòó ló dúró?"

Mákánjúọlá yíjú sí gálọ́ọ̀nù tó wà nílẹ̀.

"Ẹ jókòó kí n bu oúnjẹ fún yín. Ẹ rù. Àbí ìyàwó yín ti ń fi tépù wọn ọbẹ̀ fún yín ni?"

"Ètè rẹ gbẹ."

"Hítà ni. Ẹ jẹun."

Ó jẹun. Nígbà tó ń lọ, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ọmọ́níkẹ́ ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà.

Alàgbà Olúdọ̀tun ń ha ìda àbẹ́là kúrò lára pẹpẹ nígbà tí Mákánjúọlá wọlé.

"Bàbá, kànga wa ti ya."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Tépù ni."

"Tépù yìí náà ló ní omi gòkè."

"Òun náà ni, sà. Kò purọ́. Èmi ni mi ò béèrè ibi tí omi ti wá."

Alàgbà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bí mo bá ti ẹ̀rọ yẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n á ní ìwọ kàwé jù, èmi sì darúgbó jù. Wọ́n á máa yọ́ wá bu ún. Fi hàn wá."

"Aró aláwọ̀ ewé kan wà tí a fi ń tọpa omi. Kì í pa èèyàn lára. A ó dà á sí gọ́tà ìta. Bí òjò bá rọ̀, tí àwọ̀ yẹn bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ojú gbogbo ìjọ ni yóò rí i."

"Bí kò bá jáde ńkọ́?"

"Ẹ gbé tépù mi sọnù."

"Tépù ìjọba? Kí wọ́n wá fi ṣẹkẹṣẹkẹ mú mi lọ?" Alàgbà mú ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo, ó lọ ti ẹnu ẹ̀rọ títí òjò yóò fi rọ̀.

Ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù tó ti wà nílé àwọn èèyàn, kò sí àgádágodo tó kàn án.

Mákánjúọlá da aró sí gọ́tà ìta; òjò kò tètè rọ̀. Ọjọ́ Sátidé ló tó dé, ó sì rọ̀ kíkankíkan títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn, Alàgbà ṣí ẹ̀rọ níwájú ìjọ. Omi tó kọ́kọ́ jáde mọ́ gaara. Ẹnì kan ti fẹ́ dá orin. Lẹ́yìn náà ni omi yí padà, ó di àwọ̀ ewé yọ̀yọ̀ bí omi ewúro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Obìnrin kan rọra gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé iṣẹ́ ìyanu ni, Bàbá?" ọkùnrin kan béèrè.

"Gọ́tà ni," Alàgbà dáhùn. "Àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa la gbà fún un."

Mákánjúọlá ń wá ojú Ọmọ́níkẹ́ láàárín aṣọ funfun. Olúgbénga, ọkọ rẹ̀, ló rí. Òun nìkan ló dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ìwẹ̀nùmọ́ ni. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Wọ́n bá a lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Gálọ́ọ̀nù kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló kù. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n fi bẹ́líìtì kan yí ikùn rẹ̀ ká, ẹ̀rọ kan sì ń fa ìlà bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù sórí bébà gígùn. Dókítà ní ọkàn ọmọ ń lù, ṣùgbọ́n ó ń yára jù. Àwọn yóò máa ṣọ́ ọ.

Lọ́sàn-án, Alàgbà wọlé tòun ti fúláàsì kan. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi pé ilé àdúrà ni.

"Omi ilé mi ni, mo sè é," ó ní. "Orí iná níbẹ̀ ni mo ti gbàdúrà sí i. Àdúrà tó bá ń bẹ̀rù iná kì í ṣe àdúrà."

Ọmọ́níkẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ṣé kí n mu ún?"

Mákánjúọlá béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó mu díẹ̀. Mákánjúọlá bu ún fún àbúrò rẹ̀, ó di ife mú títí ó fi mu ún tán.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ lójú fèrèsé. Odò yóò máa gòkè lábẹ́ afárá, kò sì sí ẹni tí yóò lọ wò ó. Mákánjúọlá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó jókòó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbí, ìlà ló ń kà, èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni ìlà yẹn ń wí?"

Ó wò ó. Ó dà bíi pé ìlà náà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀.

"Kò tíì tó sọ," ó ní. "Jẹ́ ká máa wò ó."