Awò Ojú Yíbírí

Yíbírí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe obìnrin olùkọ́ òfin yìí ní yunifásítì, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ti lè bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì báyìí, kálukú gbọ́dọ̀ yí padà bírí, kó máa gbèjà ẹni tó ń bá jà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jáfara, ìta ni!

Àmọ́ iwájú àwọn aṣòfin ló wà lónìí, wọ́n fẹ́ dìbò ìkẹyìn lórí òfin tó ti ń jà fún tipẹ́: kí ọlọ́pàá má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju ọjọ́ méjì lọ láìgbé e dé kóòtù. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, ó gbá àpò aṣọ kan mọ́ra. Aṣọ àbúrò Yíbírí ni. Láti oṣù tó kọjá ló ti wà ní àtìmọ́lé, kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó ṣe. Bí òfin yìí bá ṣubú, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó tì í mọ́lé.

Agbẹjọ́rò ọlọ́pàá dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ Yíbírí àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ nìyí!

"Ẹ̀yin àgbà, bí a bá tú afurasí sílẹ̀, tó sá lọ, ta ni yóò lé e? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Àwọn aṣòfin ń mi orí bí alángbá.

"Ṣebí ọmọ tó máa ń jẹun nílé wa nìyí?" Ìyá rò pé òun ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́ ni. "Ó yó tán, ó wá ń ti ọmọ mi mọ́lé!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o," ni alága wí.

Ó kan Yíbírí. Gbogbo ohun tó ti rò sílẹ̀ fò lọ. Òógùn bo awò ojú rẹ̀, kò ríran mọ́. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń wá ìnujú nínú báàgì.

Ni agbẹjọ́rò ọlọ́pàá bá fò dìde bí ẹni tí àkéekèé ta.

"Irọ́ gbuu! Ẹni tí ẹ ò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún, kí ló fẹ́ máa sá fún? Bí ọlọ́pàá bá ní ẹ̀rí, ọjọ́ méjì ti tó. Bí wọn ò bá ní, ọdún méjì ò lè bí i! Ṣé kí ọmọ ọlọ́mọ jẹrà síbẹ̀ torí pé ẹnì kan ya ọ̀lẹ ni?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá fa aṣọ rẹ̀. "Ta lò ń gbèjà, ìwọ ọkùnrin yìí?"

Agbẹjọ́rò náà wo awò ojú lórí tábìlì. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin ti fọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi kún un, olùkọ́?" ni alága bi Yíbírí.

"Ó ti sọ ọ́ tán, sà."

"Ẹni tó bá fara mọ́ òfin yìí, kó nawọ́."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ìyá di àpò mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Ọwọ́ kan wá lọ sókè lẹ́yìn pátápátá, òmíràn tẹ̀ lé e, gbogbo ìjókòó bá ń nawọ́ bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, agbẹjọ́rò náà dúró bí adìyẹ tí òjò pa. "Mà, wọ́n ti lé mi níṣẹ́ o," ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀.

Ni ìyá bá gbé àpò aṣọ náà lé ọmọkùnrin náà lápá.

"Gbé e, ká máa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwọ ni wàá gbẹjọ́ ọmọ mi rò ní kóòtù." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà, fi awò rẹ sójú, kó má tún lọ yí padà!"