Agbádá Bàbá Mi Lórí Okùn

Rónkẹ́ aya mi, jókòó, má tíì lọ gbé omi kaná. Mo lá àlá pé ọkọ̀ ojú omi já wa sí erékùṣù kan, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń sé àwọn àjèjì mọ́, kí wọ́n má baà kó àrùn wọ̀lú. Nọ́ọ̀sì kan gba aṣọ wa, ó sè é nínú ìkòkò, ó sá a sórí okùn. Ni mo bá rí agbádá bàbá mi níbẹ̀, èyí tí a fi sin wọ́n. Agbádá náà wúkọ́, ikọ́ bàbá mi gan-an! Ṣé kí n wá dúró? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nọ́ọ̀sì figbe ta: "Ẹlòmíràn tún ti ṣubú!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá mi ni mò ń kí."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn."

Wọ́n gbé mi wọlé. Rónkẹ́, bẹ́ẹ̀dì lọ súà, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa ló kún orí wọn, gbogbo wọn dojú bolẹ̀, kò sí èyí tí nǹkan kan ń ṣe. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní láti ayé ọkọ̀ onígbòkun lòun ti wà níbẹ̀, pé dókítà lòun kàn kí. Irungbọ̀n rẹ̀ ti gùn kanlẹ̀.

Mo fẹ́ dìde, àmọ́ bàbá mi ò tíì ní kí n dìde. Mo ń pariwo gba ojú fèrèsé pé, "Bàbá, ẹ dá mi lóhùn!" Agbádá yẹn kàn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ: "Bàbá Ṣọlá, ẹ dìde, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?"