Mísbáù Fẹjọ́ Mísbáù Sùn

Yàrá kan ṣoṣo ni Ẹgbẹ́ Agbẹnusọ Oníbàárà ní, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgọ́ Palace, ní Òkòtà. Tábìlì méjì ló wà nínú rẹ̀, àga mẹ́ta, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣeé tì. Èèyàn méjì péré ló sì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Adéjùmọ̀kẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Moyọ̀sọ́lá, ni alága. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi yẹ ọ̀dà wò ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó lè rà lọ́jà láì kọ́kọ́ fi èékánná ha á wò. Àbáyọ̀mí, tíṣà kan ní Òkòtà, ni akọ̀wé. Láàárín ọdún mẹ́fà, wọ́n ti gba ẹ̀sùn mọ́kàndínláàádọ́rin lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún. Kò sí ọ̀kan tó yanjú. Wọn a kọ lẹ́tà, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ò ní fèsì, Àbáyọ̀mí a sì ti fáìlì náà bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní ọjọ́ Ajé kan nígbà òjò, Teslim gun òkè wá bá wọn. Maṣíìnì ìránṣọ ni Teslim ń tún ṣe fún àwọn télọ̀, láti ìgbà tí wọ́n sì ti lé ọ̀kadà kúrò lójú títì, básíkù ló ń gùn kiri ìdí iṣẹ́. Ó gbé ọ̀rá kan kalẹ̀ sórí tábìlì. Àṣíborí tó ń dé lórí básíkù ló wà nínú rẹ̀, ó ti là sí méjì bí obì.

Adéjùmọ̀kẹ́ bi í pé ibo ló ti ṣubú. Teslim ní òun ò ṣubú rárá. Òun gbé e sórí tábìlì nílé ni, òun jókòó tì í, òun sì sín. Adéjùmọ̀kẹ́ béèrè bóyá ó sín gidi gan-an. Teslim ronú sí i, ó ní rárá, òun sín níwọ̀nba. Àbáyọ̀mí kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó sín níwọ̀nba.

Teslim mú rìsíìtì wá pẹ̀lú. Wọ́n tẹ gàráńtì kan sẹ́yìn rẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ fi awò sójú, ó kà á sókè: "Bí oníbàárà wa bá dé ọjà yìí, tó ṣubú, tó sì kú, kó mú un padà wá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje. A ó pààrọ̀ rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Àbáyọ̀mí gba ọjà Aswani lọ. Mísbáù ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ta àṣíborí náà. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn, àgékù léèsì ló sì ń tà tẹ́lẹ̀ kí ẹnì kan tó gbé àṣíborí rẹpẹtẹ wá fún un pé epo ti wọ́n, gbogbo èèyàn máa tó gun básíkù. Ọmọlúwàbí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Adéjùmọ̀kẹ́, ó gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù. Adéjùmọ̀kẹ́ mu omi náà, ó dúpẹ́, ó wá mú ọ̀kan nínú àwọn àṣíborí náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò náà wọlé, ó yọ sí òdìkejì.

"Ìyá," ni Mísbáù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "títì kì í fi àtàǹpàkò tẹ èèyàn."

Adéjùmọ̀kẹ́ bi í nípa gàráńtì náà, pé báwo ni ẹni tó ti kú ṣe fẹ́ gbé ọjà padà wá. Mísbáù ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọdún kejì rèé tí òun ti ń ta ọjà náà, kò sì tíì sí òkú kan ṣoṣo tó wá fẹjọ́ òun sùn. Àbáyọ̀mí kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, Adéjùmọ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti lẹ́tà. Ó ní àwọn á dán àṣíborí náà wò lójú gbogbo ayé. Wọ́n pín ìwé kiri Òkòtà pé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn máa dé àṣíborí fún ìbẹ́pẹ kan, àwọn á sì jù ú sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí oníkálùkù lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí orí ara rẹ̀.

Èrò pé jọ. Teslim wá pẹ̀lú básíkù rẹ̀. Mísbáù náà wá, ó wọ aṣọ tuntun, ó sì gbé ìbẹ́pẹ tirẹ̀ dání. Ìbẹ́pẹ Adéjùmọ̀kẹ́ ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, ti Mísbáù ò tíì pọ́n rárá. Mísbáù ní orí tó rọ̀ tó báyẹn, kí ló ń wá lórí básíkù? Adéjùmọ̀kẹ́ ní orí wo ló le bí ìbẹ́pẹ dúdú? Ọ̀rọ̀ náà di iyàn, àwọn èèyàn sì pín sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí kò níyanjú, wọ́n ránṣẹ́ pe Alàgbà Ògúnjìmí, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò.

Alàgbà kò kánjú. Ó kan ìbẹ́pẹ kìíní kóókóó, ó kan èkejì. Ó kan orí ara rẹ̀. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Àbáyọ̀mí, ó kan orí tiẹ̀ náà. Ó wá dájọ́ pé kò sí èyí tó jọ orí èèyàn nínú méjèèjì, kí wọ́n lọ wá àgbọn.

Wọ́n dé àṣíborí fún àgbọn. Adéjùmọ̀kẹ́ jù ú sílẹ̀ láti òkè. Bó ṣe balẹ̀, àṣíborí náà fọ́ yángáyángá, àgbọn yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ Alàgbà, kò sì fi ara pa rárá. Mísbáù gbé àgbọn náà sókè. Ó ní kí gbogbo èèyàn wò ó, ẹ́límẹ́ẹ̀tì òun kú kí orí lè yè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Adéjùmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n dúró. Ó gba àgbọn, ó gbé e gun òkè, ó tún jù ú sílẹ̀ láìdé nǹkan kan fún un. Kò fọ́. Alàgbà Ògúnjìmí wá sọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: orí le ní Òkòtà, ẹni tó bá wù kó dé nǹkan, ẹni tó bá wù kó má dé e. Bí wọ́n ṣe ń tú ká, èèyàn méjì ra àṣíborí lọ́wọ́ Mísbáù. Ẹnì kan gbé àgbọn lọ.

Adéjùmọ̀kẹ́ jókòó sórí àkàbà, ojú tì í. Ó sọ fún Àbáyọ̀mí pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun fi bá ọ̀dà ṣiṣẹ́, ọ̀dà kì í bá èèyàn jiyàn.

Inú Mísbáù ní tirẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yá básíkù Teslim, ó dé ẹ́límẹ́ẹ̀tì kan sórí, ó ní òun fẹ́ gùn ún dé iwájú kí àwọn tí kò wá lè rí ọjà òun. Ìgbà kékeré tó ń lo ọlidé ní Ìsẹ́yìn ló ti gun básíkù kẹ́yìn. Kò tíì gùn ún jìnnà tí táyà iwájú fi kọ́ etí gọ́tà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé òfuurufú ni àṣíborí náà ti fọ́, kí orí Mísbáù tó balẹ̀. Adéjùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi dí ẹ̀jẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù kékeré kan, tí wọ́n ti rán iwájú orí rẹ̀ ní ojú méje.

Ní ọjọ́ kẹta, Mísbáù gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó gbé ọ̀rá kan kalẹ̀ àti rìsíìtì tó kọ fún ara rẹ̀. Ó ní òun wá fẹjọ́ sùn.

Àbáyọ̀mí bi í pé ẹjọ́ ta ló wá fi sùn.

"Mísbáù tó ń ta ẹ́límẹ́ẹ̀tì ní Aswani."

Àbáyọ̀mí wo Adéjùmọ̀kẹ́. Adéjùmọ̀kẹ́ béèrè pé ṣé kò lè bá ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Mísbáù ní òun ti bá a sọ ọ́ fún odidi ọjọ́ méjì, kò gbọ́. Ó ní ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kì í ṣe ẹnì kan náà. Nígbà tí òun dúró nídìí àtẹ, ọjà ni òun ń rí. Nígbà tí òun nà gbalaja sẹ́bàá gọ́tà, sánmà ni òun rí.

Adéjùmọ̀kẹ́ ní kí Àbáyọ̀mí ṣí fáìlì.

Nígbà tí wọ́n kọ lẹ́tà sí òǹtajà tán, Àbáyọ̀mí fẹ́ fi í lé Mísbáù lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Mísbáù ò gbà á. Ó ní olùfisùn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Aswani lọ dúró dè é. Lọ́jọ́ kejì, èsì dé, èsì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà máa gbà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọ́n pe Mísbáù, Adéjùmọ̀kẹ́ sì kà á fún un. Òǹtajà bá oníbàárà kẹ́dùn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé oníbàárà ò tíì kú, nítorí náà gàráńtì ò tíì ṣiṣẹ́.

Omi bọ́ lójú Mísbáù. Ó béèrè pé ṣé ìgbà tí òun bá kú ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbà.

"Ìwọ lo kọ lẹ́tà náà," ni Adéjùmọ̀kẹ́ sọ fún un.

"Mo mọ̀, Ìyá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ mi, ó sì lè kọ irú èyí."

Wọ́n dá ọjọ́ ìlàjà sí Ọjọ́bọ̀. Wọ́n gbé àga méjì kojú ara wọn. Bí Mísbáù bá jókòó sí apá òsì, a ṣí fìlà kí báńdéèjì lè hàn, a sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Bó bá dìde lọ sí apá ọ̀tún, a dé fìlà rẹ̀ dáadáa, a fèsì. Ẹni apá ọ̀tún mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹni apá òsì lọ. Ó béèrè ta ló rán an kó yá básíkù tí kò mọ̀ ọ́n gùn. Ìbéèrè náà bí ẹni apá òsì nínú débi tí kò fi lè fèsì, Adéjùmọ̀kẹ́ sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó tún jókòó.

Ìyàwó Mísbáù, Ìsíátù, ló wá jẹ́rìí. Àbáyọ̀mí bi í pé ta ló wá jẹ́rìí fún nínú wọn.

"Ìkòkò kan ni mò ń gbé kaná," ni Ìsíátù wí. "Bí ẹni apá òsì bá kú, ẹni apá ọ̀tún ò ní jẹun."

Apá ọ̀tún ni Mísbáù wà nígbà náà. Ó ṣí fìlà fúnra rẹ̀, lórí àga òǹtajà, ó ní òun á kó gbogbo ẹ́límẹ́ẹ̀tì náà kúrò lórí àtẹ, òun á sì wá àwọn tó ti rà á rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fọwọ́ sí i lápá òsì, ó dìde, ó lọ fọwọ́ sí i lápá ọ̀tún, ìkọ̀wé méjèèjì ò sì jọra. Àbáyọ̀mí ní kí àwọn méjèèjì bọra wọn lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di òsì mú, ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀sùn kan ti parí. Adéjùmọ̀kẹ́ àti Àbáyọ̀mí ò mọ ibi tí wọ́n ń fi fáìlì tó ti parí sí.

Oṣù kan kọjá kí àwọn àṣíborí tuntun tó dé sí ṣọ́ọ̀bù Mísbáù. Mẹ́fà péré ni, wọ́n wúwo. Ó ránṣẹ́ pe Adéjùmọ̀kẹ́ kó wá yẹ̀ wọ́n wò kí òun tó pàtẹ. Adéjùmọ̀kẹ́ ha ọ̀kan, ó gbá a mọ́ igun tábìlì, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó di èjìká Mísbáù mú, ó gun orí rẹ̀ tẹsẹ̀ méjèèjì. Àṣíborí náà ò mira. Láti orí rẹ̀, ó lè rí gbogbo ọ̀nà náà títí dé ìpẹ̀kun, aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi kọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àti Teslim tó ń ti básíkù rẹ̀ bọ̀ láàárín èrò. Mísbáù béèrè bóyá kí òun ràn án lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní kó jẹ́ kí òun dúró díẹ̀ sí i.