Kẹ́tùlù Kò Dáhùn

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹni tó bá ń kó aṣọ wá fọ̀ lọ́dọ̀ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbàgbé bíírò sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, tí yíǹkì rẹ̀ ba aṣọ ẹlòmíì jẹ́ nínú ẹ̀rọ mi, ohun tí ìyá tó bí ẹ kò sọ fún ẹ rí, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Torí náà, nígbà tí áàpù tó ń bá mi ṣọ́ ọmọ kọ̀ tí kò ké, ẹ ti mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe fẹ́ panu mọ́.

Ọmọbìnrin mi ní àtọ̀gbẹ láti kékeré. Nǹkan kan bíi bọ́tìnnì ńlá wà lápá rẹ̀ tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó bá rí fún fóònù mi. Bí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀ jù, fóònù á figbe ta, èmi á sì sáré fún ọmọ ní nǹkan dídùn. Bí kò bá rí i jẹ kíákíá, á dákú. Ẹni tó bá dákú báyẹn tí kò sẹ́nì kankan nítòsí, ó lè má jí mọ́. Igbe fóònù yẹn ló ń jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́, òun ló ń jẹ́ kí n lè dijú.

Áàpù náà kì í ṣe ọjà. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn òbí tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló jọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe fún gbogbo wa. A ní ojú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń pàdé, ibẹ̀ lèèyàn máa ń kọ ọ́ sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò sì mọ ojú rẹ̀. Àwòrán kẹ́tùlù dúdú kan ló fi síbi tó yẹ kó fi fọ́tò ara rẹ̀ sí, la bá ń pè é ní Kẹ́tùlù. Àtọ̀gbẹ ń bá òun náà fínra, ó sì ń dá gbé. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń gba ìpè àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan, bó bá sì ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ wa ló kàn, kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyọnu Kẹ́tùlù ò ju ọ̀kan lọ, ìbéèrè ni. O ò lè sọ fún un pé orí ń fọ́ ẹ kó má béèrè irú fìlà tí o dé.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ ti ilé-ìwé dé, ó lọ sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Èmi wà níwájú ilé níbi tí mo ti ń fọṣọ, mò ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì kan, fóònù mi wà lórí tábìlì níwájú mi, kò sì fọhùn. Ìyá ọkọ mi, tó máa ń bá mi rán bọ́tìnnì tó bá já, ló wọlé lọ pé kí ọmọ wá bá àwọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ohùn tí wọ́n fi pè mí látinú ilé, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Aṣọ ọmọ ti rin gbindingbindin fún òógùn. Ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí wa. Mo fi ìka bu oyin, mò ń ra á sí i nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, mò ń pè é, mò ń pè é. Oyin tiẹ̀ wọ inú irun rẹ̀. Nígbà tó fi máa wò mí, tó sì bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Mo wo fóònù. Nọ́ńbà ti lọ sílẹ̀, ó ti pọ́n, ó hàn gbangba. Fóònù rí i. Kò kàn ké ni.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbé ẹ̀dà tuntun áàpù yẹn sórí fóònù. Ìbínú ru bò mí lójú, mo gba ojú ìpàdé wa lọ, mo sì fi lẹ́tà gàdàgbà-gadagba kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ mi. Mo ní àwọn tí kò ríṣẹ́ gidi ṣe ló ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Kò pẹ́ tí Kẹ́tùlù fi dáhùn. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀: irú fóònù wo ni, ẹ̀dà wo ni mo gbé sí i, kí ni mò ń ṣe kó tó ṣẹlẹ̀, kí ló so mọ́ fóònù lásìkò náà, ṣé mo lè ṣe é kó tún ṣẹlẹ̀?

Ẹ gbọ́ ná, ṣé mo lè ṣe é kó tún ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi kọ èsì.

“Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ìwọ ń béèrè fóònù,” mo kọ ọ́ sí i. “Ká ní o lẹ́nì kankan nílé ni, o ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù.”

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń gba àwọn àlejò mọ́ra, nọ́ọ̀sì ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì la sì ń pè wọ́n. Wọ́n kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù tó bà mí kò kéré, bó bá jẹ́ àwọn náà ni, àwọn á pariwo. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èébú kò lè bá wa rí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kí n jọ̀ọ́, kí n dáhùn ohun tí Kẹ́tùlù bi mí, kódà bó bá dà bí ọ̀rọ̀ tí kò wúlò. Mi ò fèsì. Mo kà á sétígbọ̀ọ́ ìyá ọkọ mi, wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo ní kí wọ́n máa rán bọ́tìnnì wọn.

Kẹ́tùlù ò bínú, tàbí kẹ̀, ó bínú kò fi hàn. Ó kọ ọ́ síta fún gbogbo wa pé òun ò tíì rí àléébù náà, ṣùgbọ́n òun gba ìyá ọmọ gbọ́. Ó ní kí oníkálukú padà sórí ẹ̀dà àtijọ́. Òun nìkan ni yóò gbé tuntun sórí fóònù òun, òun á sì lò ó lára òun lọ́jọ́ kejì títí òun á fi rí ibi tó ti ń kùnà.

Lọ́jọ́ kejì mi ò jẹ́ kí ọmọ lọ sílé-ìwé. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, mi ò sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. Mo gbé ọmọ jókòó tì mí, mò ń wò ó, mò ń wo fóònù. Aṣọ iṣẹ́ mi, èyí tí mo máa ń bọ́ kọ́ ìṣó bí mo bá ń lọ aṣọ, ya ní àpò, ìyá ọkọ mi mú un kúrò lórí ìṣó, wọ́n sì ń rán an. Ó ti ń lọ sí ọ̀sán dáadáa nígbà tí mo rí i tí nọ́ńbà ọmọ ń lọ sílẹ̀. Fóònù dákẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí ìyá ọkọ mi gbé aṣọ sún mọ́ etí.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “nǹkan kan ń ké nínú àpò yìí bí ọmọ adìyẹ.”

Íápíìsì mi ni. Èyí tí kò ní wáyà, tí mo máa ń ki bọ etí kí n lè gbọ́ ìpè nítorí ariwo ẹ̀rọ. Mo máa ń jù ú sápò aṣọ iṣẹ́ láìpa á. Ibẹ̀ ló wà lánàá náà, lórí ìṣó, nígbà tí ọmọ mi ń dákú lọ nínú ilé. Fóònù ò dákẹ́ lánàá. Ó ké, ó ké, inú àpò aṣọ ni ẹ̀dà tuntun ń darí igbe rẹ̀ sí.

Kí ló so mọ́ fóònù lásìkò náà? Ojú tì mí. Mo ṣí ojú ìpàdé wa pé kí n sọ ọ́, mo sì bá ọ̀rọ̀ tí Kẹ́tùlù kọ lọ́sàn-án yẹn gan-an.

Ó ní ṣúgà òun ń ré wálẹ̀ ṣáá láti àárọ̀, àti pé gbogbo ìgbà tó yẹ kí áàpù ké ló ké, òun gbọ́ ọ ketekete létí òun. Ó ní ó dà bíi pé kò sí àléébù kankan. Òun ti ṣíwọ́, ó rẹ òun, òun fẹ́ sùn díẹ̀.

Létí òun. Ẹni tó ń fi íápíìsì gba ìpè oníbàárà láti àárọ̀, tó fẹ́ lọ sùn báyìí, tó máa yọ ọ́ létí, tó máa gbé e sórí tábìlì. Bí ṣúgà rẹ̀ bá tún ré wálẹ̀, orí tábìlì ni igbe á ti máa dún.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ kíákíá: irú fóònù, ẹ̀dà, íápíìsì, àpò aṣọ. Mo kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn, ẹ yọ íápíìsì kúrò lára fóònù. Mo dúró. Kẹ́tùlù kò dáhùn. Ẹni tó jẹ́ pé kí o tó kọ ọ̀rọ̀ tán ló ti ń bi ẹ́ léèrè.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù, kò gbé e. Wọ́n tún pè, kò gbé e. Mo ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó bá wà nítòsí sáré lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, bí àwọn bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, a kì í kọ ilé ọmọlàkejì sí gbangba. Ṣùgbọ́n Kẹ́tùlù ti fún wọn ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nítorí irú ọjọ́ báyìí. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, òun ti wà lọ́nà.

Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó jó o. Ìyá ọkọ mi yọ iná. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ ìṣáájú lọ, nítorí lọ́jọ́ ìṣáájú ọmọ mi wà lápá mi, mo rí i, mò ń fi ọwọ́ kàn án. Ẹni yìí, mi ò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá a sọ, ẹyọ gbólóhùn kan ló ń padà wá sí mi lórí, pé kò lẹ́nì kankan nílé. Bó bá kú, ohun tí mo fi sin ín nìyẹn.

Nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún kọ̀wé, mi ò lè kà á, ọmọ mi ló kà á fún mi. Ẹ̀gbọ́n bá a nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ilẹ̀kùn. Ó ṣì ń mí. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò tíì sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sí ìròyìn míì. Ní ojú ìpàdé, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí ti tún ibi tó bàjẹ́ kọ, kí fóònù lè máa figbe ta láìka ohunkóhun tó bá so mọ́ ọn sí. Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn dán an wò. Mo so íápíìsì mọ́ ọn, mo jù ú sápò aṣọ, mo gbé aṣọ kọ́ ìṣó. Fóònù ké, gbogbo ilé gbọ́. Mo kọ ohun tí mo rí fún wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìfi ohun kan pamọ́. Mo tún tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn, ẹni tí mo ń bẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Mò ń tẹ́ aṣọ sórí okùn nígbà tí mo rí àwòrán kẹ́tùlù dúdú lórí fóònù. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ túfọ̀ fún wa.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ó kọ. “Wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Íápíìsì yín yẹn, irú èwo ni?”

Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ irú rẹ̀ fún un, mo sọ ìgbà tí mo rà á. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè ìbéèrè tèmi, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wà pẹ̀lú yín nílé báyìí? Ó ní kò sẹ́nì kankan.

Mo ní kó so bọ́tìnnì tó wà lápá tirẹ̀ mọ́ fóònù tèmi, torí áàpù náà gbà bẹ́ẹ̀. Báyìí, èèyàn méjì ni fóònù mi ń ké fún. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, ìyá ọkọ mi á ní kẹ́tùlù ti ń hó o, èmi á sì ju aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀, màá pè é. Títí tó fi máa gbé e, mi ò ní lè mí.