Ilẹ̀kùn Ilé Káfíńtà

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó burú jù lọ ní òpópónà wọn, ilé káfíńtà ló wà. Kì í sì í ṣe káfíńtà yẹpẹrẹ là ń wí yìí, àwọn tó máa kan àga lónìí kó wó lọ́la. Bàbá yìí, bó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ, ọmọ ọmọ rẹ ló máa jogún rẹ̀. Wọ̀n-ọ́n-lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ayùn: "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gé e lẹ́ẹ̀kan." Ó lè wọn ìbú tábìlì, kó lọ mu omi, kó tún padà wá wọ̀n ọ́n, bí ẹni pé tábìlì náà ti lè sanra díẹ̀ kí òun tó dé.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti pálọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Bí o bá taari rẹ̀, á kọ́kọ́ họ ilẹ̀, kríìì. Bó bá dé ìdajì, á ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Odidi ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Bàbá," á ní, "ẹ ò ṣe gbé ilẹ̀kùn yìí lọ fún káfíńtà?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo máa tún un ṣe lọ́la." Lọ́la yẹn ò dé títí. Ìyàwó rẹ̀ lọ́hùn-ún, bó bá ti gbọ́ igbe ilẹ̀kùn náà, kò ní gbójú sókè pàápàá. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Oníwàhálà mi dé." Ọkọ rẹ̀ á dáhùn pé, "Ó dé o," á sì wọlé.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni bàbá kú. Ọ̀sán gangan ni, lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, pẹ́ńsù ṣì wà létí rẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó ti iṣẹ́ báyìí. Láti ọmọ ọdún méje ló ti wà lọ́dọ̀ wọn, bàbá ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó di ayùn mọ́ bàbá lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó fajú ro, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wọ̀n ọ́n!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún báyìí, ó ga ju bàbá fúnra rẹ̀ lọ, àmọ́ Ọ̀gá Kékeré náà ni gbogbo ayé ṣì ń pè é.

Àwọn tó wá kí wọn lẹ́yìn òkú sọ pé iṣẹ́ ló máa jẹ́ kó gbàgbé. Irọ́ ni wọ́n pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi pa á. Iṣẹ́ gan-an ló ń rán an létí. Ògiri ṣọ́ọ̀bù kún fún òǹkà tí bàbá fi pẹ́ńsù kọ, ìbú fèrèsé, gíga ilẹ̀kùn, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ìkankan, torí orí rẹ̀ ló ń kó orúkọ sí. Ọ̀gá Kékeré á dúró níwájú ògiri, á máa bi ara rẹ̀ pé fèrèsé ta nìyí. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá lù, á po tíì, ife méjì. Ìgbà tó bá ti bu ṣúgà sínú ìkejì tán ló máa ń rántí. Bàbá kórìíra kí èèyàn máa fi nǹkan ṣòfò, nítorí náà á mu méjèèjì, á sì máa sáré lọ tọ̀ títí ọ̀sán. Àárò bàbá ń sọ ọ́ débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ló burú jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà bó bá dúró síbi bẹ́ǹṣì iṣẹ́. Bó bá ti gbọ́ kríìì, ọkàn rẹ̀ á fò sókè, á yí padà, ọ̀rọ̀ á ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: "Bàbá, ẹ wá wo..." Á wá rí i pé màmá ni, ìyá àgbà, tó ń fọwọ́ tá ògiri bọ̀ torí ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú. Bí ilẹ̀kùn náà bá ké lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni bàbá ń kú fún un lákọ̀tun. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé màmá lòun fẹ́ tún ilẹ̀kùn náà ṣe fún, pé ó ti wúwo jù fún ọwọ́ àgbàlagbà. Àlàyé tó dára ni. Kì í ṣe òótọ́, àmọ́ ó dára.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan tí màmá lọ fi ojú han dókítà, ó tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Híńjìsì méjì ló so ó mọ́ férémù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tó yọ ti òkè, nǹkan jábọ́ sílẹ̀. Awọ ni, awọ bẹ́líìtì àtijọ́ kan, wọ́n gé e kékeré, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n sì há a sáàárín irin àti igi.

Ọ̀gá Kékeré gbé e lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà fún ọdún kan mọ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ń wọ́lẹ̀, ẹ̀yìn híńjìsì ìsàlẹ̀ lo máa há nǹkan sí, kó lè gbé e sókè. Bó bá jẹ́ ti òkè lo há a sí, ńṣe lo tún tì í wálẹ̀ sí i. Àṣé bàbá ti gbìyànjú láti tún un ṣe, ibi tí kò yẹ ló wá há a sí! Bàbá tó ń wọn gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì! Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Bàbá mi ti darúgbó tó báyìí," ló wí, "mi ò sì mọ̀." Ó ju awọ náà sínú agolo ìṣó àtijọ́, torí bàbá kì í da nǹkan nù. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó gbé ìfági, ó fá ìdí ilẹ̀kùn náà, ó fi òróró sí híńjìsì, ó gbé e kọ́ padà. Ìka kan péré ló fi ṣí i. Kò dún pín-ín.

Nígbà tí màmá dé, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn náà bó ṣe máa ń ṣe, ó fi agbára tì í, díẹ̀ ló kù kó ṣubú wọlé. Ó fọwọ́ pa ara ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹ dáa." Ó lọ jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ò ti gún mọ́. Màmá á kàn dédé ta gìrì lórí àga. Ó da tíì sára lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ń ṣọ́ ọ, ojú tí kò ríran dáadáa ló sì fi ń ṣọ́ ọ. Bó bá jẹun, ṣíbí mẹ́ta ló parí. Nígbà tó máa fi tó ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àǹtí Ọ̀gá Kékeré, pè lórí fóònù láti ìlú míì.

"Màmá ní kí n wá gbé àwọn ní Sátidé," ni àǹtí wí. "Wọ́n láwọn fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀gá Kékeré gbé fóònù sílẹ̀. Èèyàn méjì ló ní nínú ilé yẹn láti kékeré. Ọ̀kan ti lọ, èyí tó kù náà ti ń di ẹrù. Ó bá màmá nínú yàrá, tó ń to aṣọ sínú báàgì.

"Màmá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí rárá. Ilé yìí ló dákẹ́ jù."

"Mo lè máa tan rédíò sílẹ̀ fún yín."

"Rédíò?" Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé rédíò ló máa sọ fún mi pé ẹnì kan ń wọlé? Òjìji lásán lojú mi yìí ń rí. Ní àná, ìwọ gan-an yọ sí mi, mo rò pé olè ni. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn máa ń sọ fún mi. Ìwọ, gìrì lo máa ń taari ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Télọ̀ á taari ẹ̀, á dúró wò ó, á tún taari ẹ̀. Bàbá ẹ, orúnkún ló máa ń fi tì í, á wá sinmi ní ìdajì..." Ó ń fọwọ́ pa aṣọ kan náà lára. "Kódà lẹ́yìn tó lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ké, kí n tó gbọ́ pé ìwọ ni, àyè kékeré kan máa ń wà láàárín. Nínú àyè yẹn, ó ṣì wà láyé."

Ọ̀gá Kékeré jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Àyè kékeré yẹn náà lòun ń sá fún.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí káfíńtà má tún ilẹ̀kùn ṣe? Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlá bú bàbá ẹ lórí ẹ̀! O rántí ọdún tójú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí bàbá ẹ dédé wọlé bá mi, tí mo fi ta gìrì da omi gbígbóná sẹ́sẹ̀? Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà nilẹ̀kùn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní kó tún un ṣe, ó ní lọ́la. Ilẹ̀kùn gbogbo ayé ló ń tún ṣe o! Ti èmi nìkan ló ń ṣe ìmẹ́lẹ́ sí."

Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ Ọ̀gá Kékeré ò gbọ́ èyí tó kù. Híńjìsì òkè. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà. Ó dìde, ó bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó da agolo ìṣó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ tú u títí ó fi rí awọ náà. Kò tíì tú ìṣẹ́po rẹ̀ rí. Ó tú u báyìí. Nínú rẹ̀, níbi tí awọ náà ti rí háráhárá, wọ́n ti fi pẹ́ńsù kọ òǹkà kan síbẹ̀, ó ti ń parẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tún kọ òǹkà kan náà.

Bàbá ò ṣèèṣì. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ọ̀gá Kékeré gbé awọ náà mọ́ àyà, ó sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá lọ.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, ó tú ilẹ̀kùn náà sílẹ̀, ó há awọ náà síbi tó ti jábọ́. Ó gbé ilẹ̀kùn kọ́, ó taari rẹ̀. Kò dún. Ó ti fá ìdí rẹ̀ jù, igi tí ìfági bá sì ti jẹ, kì í pọ̀ ọ́ padà mọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bẹ́líìtì ìdí ara rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti bàbá. Ó yí ìṣó padà sójú ihò wọn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó ń làágùn kí ilẹ̀kùn lè burú.

Kríìì, ó họ ilẹ̀. Ó dé ìdajì, ó ké. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n igbe ni.

"Ọ̀gá Kékeré!" Télọ̀ ni, láti òdìkejì títì. "Ṣé ilẹ̀kùn yẹn tún ti ń ké ni? Ṣebí o ti tún un ṣe!"

"Ìsinsìnyí ni mo tún un ṣe."

Ó tì í padà, ó wá fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ màmá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún irinṣẹ́, ló bá fi orúnkún taari ilẹ̀kùn. Ìgbà tó dé ìdajì ló rí i pé òun ti dúró. Inú ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà á pé òun ti pẹ́ jù.

"Oníwàhálà mi dé," ni ohùn kan wí nínú pálọ̀.

"Màmá, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta ló kọ́ ẹ ní orúnkún yẹn? Wọlé."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ti àga, ó sọ gbogbo rẹ̀: awọ, híńjìsì òkè, òǹkà méjì tó jọra. Màmá gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Ọ̀gá Kékeré ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, títí ó fi rí i pé méjèèjì ni.

"Ọdún mọ́kànlá!" ni màmá wí. "Mo ń bú u, ó sì ń rẹ́rìn-ín! Oníwàhálà ni bàbá yẹn o. Oníwàhálà gidi ni."

Ní Sátidé, àǹtí dé kí oòrùn tó mú. Ó gba inú ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó taari ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì ké. Ó rí màmá tó ń jẹun. Kò rí báàgì kankan nílẹ̀.

"Ilẹ̀kùn yìí náà ṣì rèé!" ni àǹtí wí. "Káfíńtà méjì ti gbé ilé yìí! Ìgbà wo lẹ fẹ́ tún un ṣe?"

Màmá bu ṣíbí kan sí i, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Lọ́la," ló wí.