Àwọn Tí Kò Padà Wá

Mi ò fẹ́ràn ẹni tó máa ń fi ìwé dáhùn ọ̀rọ̀ ẹnu, bẹ́ẹ̀ irú ẹni tí oníṣirò ilé ìwòsàn wa jẹ́ nìyẹn. Mo wọ yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, mo ní kó ṣàánú wa, ìwé ló ṣí síwájú mi.

"Ẹ wò ó, mà. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ la ti kọ ọ́: ẹni tí kò bá padà wá, ká kà á mọ́ àwọn tí egbò wọn kò jiná. Mi ò lè yí i padà nígbà tí iṣẹ́ ti dé ìdajì."

Ìwádìí ìpara egbò ẹsẹ̀ la ń ṣe. Ọgọ́fà èèyàn la pín sí méjì, kèké la sì fi pín wọn. Ọgọ́ta gba ìpara tuntun, ọgọ́ta gba ti àtijọ́. Ike kan náà ni méjèèjì wà, oníṣirò nìkan ló mọ ẹni tó gba èwo. Bí ti tuntun kò bá sàn ju ti àtijọ́ lọ tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ dúró, kí kálukú dá ike padà. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni kò sì yọjú mọ́.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tó ń lo ìpara náà. Télọ̀ ni, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ màṣíìnì jẹun. Ọdún méjì ni egbò fi bá a fínra, àwọn dókítà ti ń dárúkọ gígé, kó tó gba ike yìí. Báyìí egbò ti sún kì. Ẹ̀rù bí wọ́n ṣe máa gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé mi wọ yàrá oníṣirò.

"Tí mo bá wá wọn rí ńkọ́?"

"Tí ẹ bá fojú yín rí ẹsẹ̀ wọn, tí ẹ yà á ní fọ́tò, a ó kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ kọ, mà."

Ó ń kọ́ mi. Èmi tí mo pín lẹ́tà fún ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó wá ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn yìí, tí wọ́n ṣì ń pè ní Ìyá Lẹ́tà káàkiri ìlú. Mo gbé àpò mi, ó di bó ò lọ yà fún mi.

Orí àkàbà ni mo bá ẹni àkọ́kọ́, ó ń kun ilé, ó ń kọrin. Ó ká ṣòkòtò sókè. Egbò ti jiná, awọ rẹ̀ ń dán.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò padà wá?"

"Ara mi ti yá, Ìyá Lẹ́tà. Kí ni mo tún fẹ́ wá jókòó tì níbẹ̀?"

Ó ṣe mí bíi kí n yọ àkàbà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn. Awakọ̀ kan tiẹ̀ ní òun ò rántí ẹsẹ̀ tó dun òun mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni mo kan ìyá arúgbó kan. Egbò rẹ̀ ti tóbi sí i. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó padà wá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ti òsì mọ́ roro. Mo rò ó pé fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Àní, ti òsì ni mo kọjú ẹ̀rọ sí.

"Èyí kọ́, ọmọ mi," ó ní, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú mi, ó rò pé mo ṣì í ni. Ojú tì mí gidigidi. Mo yà á, mo kọ ọ́ pé kò jiná, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Mo rí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú wọn. Mẹ́rìnlélógún ló ti jiná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sórí àga gígùn lẹ́nu ọ̀nà oníṣirò títí ìdí fi ń ro mí. Nígbà tó jáde, ó jókòó tì mí.

"Àwọn tí ẹ wá rí ló yí ìṣirò padà, mà, ti tuntun ló sàn jù. Iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Ẹ ní kí àbúrò yín máa lo ìpara rẹ̀ lọ."

Mo mí kanlẹ̀. Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ fún un, mi ò rántí ọ̀kan mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

Àbúrò mi ń tẹ màṣíìnì nígbà tí mo wọlé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná tán. Mo tiẹ̀ ti ń rò ó pé mi ò ní lọ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi."

Mo wò ó. Mo jókòó lé aṣọ oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, mo ní èmi fúnra mi ni n ó wá mú un lọ, bó fẹ́ bó kọ̀.